Mo fẹ́ràn gángan títí wọ́n fi fi mí ṣe olórí onílù. Kí ló wá dé tí ọwọ́ mi rọ?

Ọwọ́_Gángan · Ọjọ́ Àìkú, 10:42 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti bí oṣù mélòó kan, mi ò sì rí ẹni sọ ọ́ fún. Tí mo bá sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ní ọ̀tá ló ń bá mi jà.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe n'Íbàdàn. Mi ò kì í ṣe ọmọ Àyàn. Nínú ìdílé wa, kò sí ẹni tó mọ kọ̀ǹgọ́ yàtọ̀ sí igi ìdáná. Ṣùgbọ́n ní 2017, bàbá onílù kan kó dé ẹ̀yìnkùlé wa. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, bàbá á gbé àga síta, á máa fi gángan bá àwọn tó ń kọjá lọ sọ̀rọ̀. Á ki ẹni tó bá wù ú, á fi ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́, onítọ̀hún á sì máa rẹ́rìn-ín lọ, kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bú. Mo lọ jókòó tì í. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé nígbà yẹn, màá ti gbé ìlù há abíyá kí n tó bọ́ bàtà. Tí wọ́n bá mú iná lọ, inú mi á dùn. Ìyàwó mi á ní oúnjẹ ti ń tutù, màá ní ó ku ẹyọ kan. Ẹyọ kan yẹn lè gba wákàtí méjì.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa gbọ́ pé mo ń lù. Wọ́n ní kí n wá máa bá wọn lù nígbà ìyìn. Mo lọ, ó dùn mọ́ mi dé eegun. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n fi mí ṣe olórí onílù. Ayọ̀ ni mo fi gbà á, ẹ má rò pé wọ́n fi ipá mú mi. Ìgbà náà ni rọ́sítà dé. Ìdánrawò Ọjọ́ Ìṣẹ́gun aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ti Ọjọ́ Ẹtì aago mẹ́fà, Ọjọ́ Àìkú kí n ti débẹ̀ ní aago méje ààrọ̀. Ẹni tó bá pẹ́ á san owó ìtanràn. Wọ́n tún wá ní àwọn á máa fún mi ní owó ọkọ̀ lóṣooṣù, owó ọkọ̀ tó ju owó ọkọ̀ lọ.

Ìlù kan náà ni. Ọwọ́ kan náà ni. Ṣùgbọ́n tó bá ti di aago mẹ́rin Ọjọ́ Ìṣẹ́gun báyìí, inú mi á bẹ̀rẹ̀ sí í há. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbàdúrà kí òjò rọ̀. Èmi! Èyí tó dùn mí jù ni pé mi ò lù ú nílé mọ́ náà. Ó wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, eruku ti bo ọsán ara rẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá tí mo ti lù ú gbẹ̀yìn fún ara mi, mo kà á.

Ẹnikẹ́ni ò ṣẹ̀ mí. Ẹ sáà bá mi wò ó: ṣé ọ̀lẹ ni mí ni?

---

Alákéèkì_Àkúrẹ́ · Ọjọ́ Àìkú, 11:05 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ya ọ̀lẹ. Ẹ dìde kí n jókòó sórí àga yín.

Kéèkì ni tèmi. Mo máa ń ṣe é fún ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́. Màá jí ní aago mẹ́rin ìdájí láti po bọ́tà àti ṣúgà, orin á máa jáde lẹ́nu mi. Gbogbo ayé wá ní "tà á, tà á, owó ni o". Mo tà á. Ní Oṣù Kejìlá tó kọjá, kéèkì mẹ́rìnlá ni mo ṣe lọ́sẹ̀ kan. Nígbà tó di èkejìlá, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnì, mo ń wo ẹ̀rọ ìpokéèkì bí ẹni tó ń wo àna tó jẹ ẹ́ lówó.

Àmọ́ ohun tí mo ṣàkíyèsí rèé. Mo kọ́kọ́ rò pé owó ló ba nǹkan jẹ́. Kì í ṣe owó. Oníbàárà kan wà tó máa ń sọ pé "ṣe é bó ṣe wù ẹ́, mo mọ ọwọ́ ẹ". Owó gidi ló ń san, mo sì ṣì máa ń kọrin nídìí tirẹ̀. Ẹni tó bá fi fọ́tò ránṣẹ́, tó ní "kó rí báyìí gẹ́lẹ́", tó wá ń pè mí lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́, kó san ìlọ́po méjì, àyà mi ni yóò máa já tí fóònù bá ti dún.

---

Mọ́ńkí_Pósìtì · Ọjọ́ Àìkú, 11:31 alẹ́

Ẹ jẹ́ n sọ tiwa kí ẹ fi rẹ́rìn-ín sùn.

Ọdún mẹ́jọ la fi ń gbá bọ́ọ̀lù ní Sátidé ní pápá kan l'Óṣogbo. Mọ́ńkí pósìtì lásán, òkúta méjì-méjì, kò sí réfírì. Ẹnikẹ́ni kì í pe ẹnikẹ́ni. Tó bá fi máa di aago mẹ́fà ààbọ̀, a ti tó ogún. Àwọn kan ń wá tòjò tòjò.

Ẹnìkan wá dé láti ìlú ńlá, ó ní a ò lètò. Hẹn ẹn. A yan alága, akọ̀wé, akápò. A dá ẹgbẹ́ WhatsApp sílẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́, ₦500. Ẹni tí kò bá wá tí kò kọ lẹ́tà, ₦1,000. Ẹ̀yin èèyàn mi, kò pé oṣù mẹ́rin tí a ò rí ẹni mẹ́wàá kó jọ mọ́. Ẹni tó ń fi orí la òjò wá tẹ́lẹ̀ ló ń fi ìwé dókítà ránṣẹ́. Akápò nìkan ni kì í pa ọjọ́ jẹ.

Ní báyìí, àwa mélòó kan ti yọ́ lọ sí pápá mìíràn. A ti di méjìdínlógún. Ẹ má sọ fún alága o.

---

Àyànwálé_Ọ̀yọ́ · Ọjọ́ Ajé, 6:50 ààrọ̀

Ẹ kú ojúmọ́. Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, ẹ má bínú sí èmi, mi ò ní pọ́n ọ̀rọ̀ lé.

Wọ́n bí mi sí ìdí ìlù. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo fẹ́ràn ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí tí mo ti ń gbé kànnàngó tẹ̀ lé bàbá mi lọ sí òde ìnáwó. Oorun á máa kùn mí, ebi á máa pa mí, tí ọwọ́ mi bá sì tàsé, bàbá mi á fi kọ̀ǹgọ́ tọ́ka sí mi lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Dandan ni. Kò sí "ó wù mí" níbẹ̀. Ọdún kọkànlélógójì mi rèé, tí mi ò bá lù fún ọjọ́ méjì, ara mi kì í balẹ̀.

Nítorí náà, tí ẹ bá ní ọ̀ranyàn ló ń pa adùn nǹkan, tèmi ì bá ti kú tipẹ́. Àwọn àgbà ní a kì í fi iṣẹ́ ẹrú jẹ́ bí ẹrú: bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí ẹ fẹ́ràn ni eré ìrọ̀lẹ́. Ìlù fúnra rẹ̀ lẹ wá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ sì sá. Ìyàwó tí a fẹ́ lójú ijó, ìran ni yóò wò lọ.

---

Ọwọ́_Gángan · Ọjọ́ Ajé, 7:22 ààrọ̀

Ọ̀rọ̀ yín ta mí létí, Àyànwálé, àmọ́ mo gbà á. Mi ò lè bá ọmọ Àyàn jiyàn lórí ìlù.

Ohun tí kò yé mi ni pé kì í ṣe pé iṣẹ́ pọ̀. Tí ẹ bá ka wákàtí, mo ń lù jù báyìí lọ nígbà tí kò sẹ́ni tó ní kí n lù. Iṣẹ́ dínkù, àárẹ̀ wá pọ̀. Ìṣirò yẹn ò bá ara mu, ìṣirò sì niṣẹ́ mi.

---

Olùkọ́_Sáíkọ́ · Ọjọ́ Ajé, 1:15 ọ̀sán

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní yunifásítì kan, ẹ jẹ́ n dá sí i. Ó máa gùn díẹ̀.

Ní 1973, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Mark Lepper, David Greene àti Richard Nisbett, lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Yunifásítì Stanford l'Ámẹ́ríkà. Wọ́n wá àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún tí wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n máa fi máákà aláràbarà yàwòrán. Àwọn ọmọ tó jẹ́ pé tí ẹ bá sọ máákà sílẹ̀, wọ́n á gbá jọ síbẹ̀ fúnra wọn. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n sọ fún ìsọ̀rí kìíní pé tí wọ́n bá yàwòrán, wọ́n á gba ìwé ẹ̀yẹ tó ní èdìdì wúrà àti ríbọ́ọ̀nù. Wọn ò sọ nǹkan kan fún ìsọ̀rí kejì, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yà á tán, wọ́n fún wọn ní ìwé ẹ̀yẹ kan náà lójijì. Àwọn ìsọ̀rí kẹta ò gba nǹkan kan.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, wọ́n tún gbé máákà síta láìsọ̀rọ̀, wọ́n wá ń wò wọ́n. Àwọn tí wọ́n ti ṣèlérí ẹ̀bùn fún, bí ìdajì àkókò tí àwọn ìsọ̀rí méjì yòókù lò nídìí máákà ni wọ́n lò. Ẹ kíyè sí i: àwọn tó gba ẹ̀bùn lójijì ò yí padà rárá. Ẹ̀bùn kan náà, ríbọ́ọ̀nù kan náà. Àdéhùn tó ṣáájú, "tí o bá ṣe báyìí, wàá gba báyìí", ló ṣe ọṣẹ́.

Ṣáájú ìyẹn, ní 1971, Edward Deci ti ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà. Ó fún wọn ní eré Soma, igi wẹ́wẹ́ méje tí wọ́n ń tò jọ di oríṣiríṣi nǹkan. Ó dùn, èèyàn lè gbàgbé ara rẹ̀ nídìí rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó ń fún àwọn kan ní dọ́là kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tò yege. Ní ọjọ́ kẹta, kò sí owó mọ́. Láàárín eré, á jáde kúrò nínú yàrá fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ, á ní kí wọ́n ṣe ohun tó bá wù wọ́n. Àwọn tó ti gbowó rí, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń fọwọ́ kan eré yẹn nígbà ìsinmi dínkù sí ti tẹ́lẹ̀.

Bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nìyí. Ọkàn èèyàn dà bí ìyá ọlọ́jà tó ń ṣọ́ni. Gbogbo ìgbà ló ń béèrè pé "kí lo wá ṣe níbí?" Nígbà tí Ọwọ́_Gángan ń lù níwájú ilé, ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà: ó wù mí. Nígbà tí rọ́sítà dé, tí ìtanràn dé, tí owó oṣù dé, ìdáhùn ti di mẹ́rin, àwọn mẹ́ta yìí sì pariwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bó bá pẹ́, ọkàn á gbàgbé ti àkọ́kọ́. Ìdí nìyẹn tí ìlù fi sùn nílé náà. Nílé, kò sí rọ́sítà, kò sí ìtanràn, kò sí owó, ọkàn á ní "kí wá ni mo fẹ́ lù ú fún?"

Ọ̀rọ̀ Àyànwálé náà kì í ṣe irọ́ o. Mò ń bọ̀ lórí ẹ̀, kíláàsì ń dúró dè mí.

---

Bàbá_Tọ́lá_Peckham · Ọjọ́ Ajé, 8:40 alẹ́

Olùkọ́, ẹ ti pa mí.

London ni mo wà. Ọmọ mi obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Gbogbo Ọjọ́ Àìkú ló máa ń gba fóònù mi láti pe ìyá mi n'Íjẹ̀bú-Igbó, á ní "Màmá, ẹ pàlọ́ ìjàpá fún mi". Yorùbá rẹ̀ ń wọ́ ẹsẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbé orin àlọ́, á máa jó. Mo wá gbọ́n àgbọ́njù. Mo fi í sí kíláàsì Yorùbá ọjọ́ Sátidé, mo ra ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá, mo ya àtẹ kan sára fíríìjì: ojú-ìwé kan, pọ́n-ùn kan.

Ó ṣiṣẹ́ fún oṣù kan. Ọjọ́ Àìkú kan, ìyá mi pè fúnra wọn nítorí ọmọ ò pè wọ́n. Wọ́n ní "wá kí n pàlọ́ fún ọ". Ọmọ mi ní, "Màmá, èló ni àlọ́ kan?"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń húkọ́. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

---

Mọ́ńkí_Pósìtì · Ọjọ́ Ajé, 8:52 alẹ́

Èló ni àlọ́ kan! Ọmọ yẹn á di gómìnà.

---

Mọ̀mọ́_Tíṣà · Ọjọ́ Ajé, 9:30 alẹ́

Ọgbọ̀n ọdún dín díẹ̀ ni mo ti ń kọ́ ọmọ ní girama. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ń rí lójú wa.

Ẹ mọ̀ pé JAMB máa ń yan ìwé ìtàn kan tí gbogbo ẹni tó fẹ́ wọ yunifásítì gbọ́dọ̀ kà, torí ìbéèrè ń jáde lára rẹ̀ nínú Use of English. Ìwé tó dùn ni wọ́n máa ń yàn. Mo ní ọmọbìnrin kan tó ń ka ìwé ìtàn lábẹ́ tábìlì nígbà tí mo bá ń kọ́ wọn ní gírámà. Mo gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tó dé SS3, mo gbé ìwé JAMB fún un, mo rò pé á gbé e mì lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó di ọ̀sẹ̀ kẹta, kò tíì kọjá orí kejì. Ó ń wá àkékúrú rẹ̀ lórí fóònù, kò fẹ́ mọ ju orúkọ àwọn ẹ̀dá ìtàn àti ibi tí wọ́n ń gbé lọ. Mo ní "ṣebí ìwọ lò ń ka ìwé nínú kíláàsì mi?" Ó ní, "Mà, ìyẹn, èmi ni mo ń kà á. Èyí, ó ń kà mí."

Mi ò gbàgbé gbólóhùn yẹn.

Mo wá dán nǹkan kan wò. Mo kó ìwé àtijọ́ bí ogún sínú páálí, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, mo gbé e sí ẹ̀yìn kíláàsì. Mi ò sọ pé kí wọ́n kà á. Kò sí ìdánwò, kò sí ìjábọ̀. Mo tiẹ̀ ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án tí mo bá ń kọ́ wọn. Kò tó oṣù kan, ìwé mẹ́fà ti sọnù. Ẹ̀rín ni mo ń rín! Olórí ilé-ìwé gbọ́, inú wọn dùn, wọ́n ní kí n máa fún wọn ní máàkì lórí ohun tí wọ́n bá kà, kí a kọ ọ́ sínú ìwé àbájáde. Mo ní mo ti gbọ́, sà. Ọjọ́ yẹn ni mo gbé páálí mi padà sílé.

---

Ẹsẹ̀_Yá · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:58 ààrọ̀

Ẹ̀yin tó ń fi fóònù ka ìṣísẹ̀, ẹ wá o. Mo máa ń rìn ní ààrọ̀ nítorí afẹ́fẹ́ àti nítorí ìyá alákàrà tó wà ní ìkángun àdúgbò. Ọmọ mi wá fi ohun tó ń ka ìṣísẹ̀ sórí fóònù mi. Ó di 10,000 lójoojúmọ́. Bó bá ku 600 lálẹ́, màá máa yí pálọ̀ ká bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀.

Ẹ sì mọ̀ pé 10,000 yẹn kì í ṣe dókítà ló kọ́kọ́ fi lélẹ̀? Ẹ̀rọ ìkaṣísẹ̀ kan ni wọ́n ń tà ní Japan ní 1965, lẹ́yìn ìdíje Òlíḿpíìkì Tokyo. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, manpo-kei, "òǹka ẹgbàárùn-ún ìṣísẹ̀" ló túmọ̀ sí. Orúkọ ọjà ló di òfin sí wa lọ́rùn.

---

Olùkọ́_Sáíkọ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:10 ọ̀sán

Ẹsẹ̀_Yá, ẹ ò dá wà. Ní 2016, Jordan Etkin ní Yunifásítì Duke rí i pé àwọn tó ń ka ìṣísẹ̀ wọn máa ń rìn ju àwọn tí kò kà á lọ, ṣùgbọ́n ìrìn náà kì í dùn mọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀. Òǹkà sọ ọ́ di iṣẹ́.

Ó yá, ọ̀rọ̀ Àyànwálé. Ní 1999, Sheena Iyengar àti Mark Lepper kan náà yẹn kó àwọn ọmọ ọdún méje sí mẹ́sàn-án jọ ní San Francisco, wọ́n ní kí wọ́n máa to lẹ́tà tó dàrú di ọ̀rọ̀. Àwọn kan fúnra wọn yan èyí tí wọ́n máa ṣe. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé olùṣèwádìí tí wọn ò mọ̀ rí ló yàn án fún wọn. Wọ́n sọ fún àwọn yòókù pé ìyá wọn ló yàn án. Àwọn ọmọ òyìnbó, èyí tí wọ́n fúnra wọn yàn ni wọ́n ṣe dáadáa jù. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí àwọn òbí wọn wá láti Éṣíà, èyí tí wọ́n ní ìyá wọn yàn ni wọ́n ṣe jù, òun náà ni wọn ò fẹ́ fi sílẹ̀. Ti àlejò ò ṣiṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo dandan ló jẹ́ ọ̀kan náà. Ta ló pàṣẹ? Kí ni onítọ̀hún jẹ́ sí ọ?

---

Àyànwálé_Ọ̀yọ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:35 alẹ́

Hẹn. Ìyẹn ni mo fẹ́ sọ tí ẹnu mi ò gbà á.

Bàbá mi kò ka wákàtí fún mi. Tó bá ní kí n gbé ìlù, orúkọ mi ló ń pè. Àyàn ló wà níwájú orúkọ mi, Àyàn ló wà níwájú ti ẹ̀gbọ́n mi, ti bàbá bàbá mi. Tí mo bá kọ ìlù, ta ni kí n máa jẹ́? Lóòótọ́, ebi pa mí lóde ìnáwó, ṣùgbọ́n ẹran tí wọ́n bá fún bàbá mi, èmi ló kọ́kọ́ ń já sí lẹ́nu. Rọ́sítà ò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ọwọ́_Gángan, mo fa ọ̀rọ̀ ìyàwó ojú ijó padà. Ẹ dárí jì mí.

---

Olùdarí_Akọrin · Ọjọ́rú, 10:20 ààrọ̀

Gbogbo yín ń na rọ́sítà bí ẹni ń na ejò. Èmi ni mò ń kọ ọ́ ní ìjọ tiwa, ẹ gbọ́ tẹnu mi.

Tí kò bá sí rọ́sítà, Ọjọ́ Àjíǹde onílù mẹ́jọ á dé, wọ́n á máa jà lórí àga. Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, èmi nìkan ni màá máa pàtẹ́wọ́ bí aṣiwèrè. Orin kì í dúró de ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Ẹni tó bá fẹ́ lù nígbà tó bá wù ú nìkan, kó máa lù nílé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n èmi náà ti ṣe àṣìṣe ìtanràn yẹn rí. Ọdún méjì la fi gbà á. Ẹ mọ ohun tó ṣe? Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í san án. Ẹnìkan pẹ́, ó ju ₦200 sórí tábìlì, ó ní "mo ti san, ẹ má bá mi wí". Ìtìjú tó ń mú wọn tètè dé tẹ́lẹ̀, mo ti fowó rà á lọ́wọ́ wọn. Mo pa á rẹ́. Ní báyìí, mo máa ń gbé kàlẹ́ńdà sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù mẹ́ta, mo ní kí kálukú fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ sí Ọjọ́ Àìkú tó bá fẹ́. Ọjọ́ tó bá ṣófo, a jọ ń dá sí i. Mi ò sì sọ ohun tí wọ́n máa lù fún wọn mọ́. Kò pé o. Lóṣù tó kọjá, ọjọ́ kan ṣófo pátápátá, èmi ni mo lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọdé sì fi mí rẹ́rìn-ín.

---

Alákéèkì_Àkúrẹ́ · Ọjọ́rú, 10:41 ààrọ̀

Olùdarí, ẹ jẹ́ n wá kọrin ní ìjọ yín.

---

Olùkọ́_Sáíkọ́ · Ọjọ́rú, 12:05 ọ̀sán

Ohun tí Olùdarí_Akọrin ṣe yìí bá iṣẹ́ àwọn obìnrin méjì kan mu, Gabriela Tonietto àti Selin Malkoc, tó jáde ní 2016. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kọfí àti bísíkíìtì ọ̀fẹ́ lásìkò ìdánwò. Àwọn kan ní aago kan pàtó tí wọ́n gbọ́dọ̀ wá gbà á. Àwọn kan ní wákàtí méjì tí wọ́n lè wá nínú rẹ̀ nígbà tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Kọfí àwọn tó ní aago pàtó ò dùn tó ti àwọn yòókù. Kọfí ọ̀fẹ́ o! Ẹ wá wo "aago mẹ́fà" lẹ́gbẹ̀ẹ́ "ìrọ̀lẹ́". Àwọn baba wa tí wọ́n ń sọ pé "ká pàdé nígbà tí oòrùn bá rọlẹ̀", a ń pè é ní àìmọ àkókò.

Ọ̀kan ṣoṣo kù: ìyìn. Ní 1999 kan náà, Deci àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 128 jọ. Ẹ̀bùn tí a bá ti ṣèlérí ṣáájú máa ń dín ìfẹ́ inú kù, ṣùgbọ́n ìyìn ẹnu kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó máa ń mú un pọ̀ sí i ni. "Mo mọ ọwọ́ ẹ" tí oníbàárà Àkúrẹ́ ń sọ yẹn, ẹ má fojú kékeré wò ó.

---

Ọwọ́_Gángan · Ọjọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, 9:48 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kí n wá jábọ̀, kò sẹ́ni tó fi dandan lé e.

Mo lọ bá olórí akọrin wa. Mi ò sọ̀rọ̀ ìwádìí kankan, mo kàn ní ó ti rẹ̀ mí. Mo fi ipò olórí sílẹ̀ fún ọmọkùnrin kan tó ń lu omele, tó sì ń fẹ́ ẹ gan-an (ojú rẹ̀ dán bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́, màá kìlọ̀ fún un tó bá yá). Mo ní kí wọ́n máa pín owó oṣù yẹn fún àwọn ọmọ omele. Èmi á máa wá ní Ọjọ́ Àìkú méjì lóṣù, èyí tí mo bá fúnra mi mú. Wọ́n ní wọ́n máa rò ó. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n gbà.

Mo rò pé ìlù á padà wù mí lọ́jọ́ kejì. Rárá o. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ó ṣì wà lórí ìṣó, mo ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ọjọ́ kan, bàbá ẹ̀yìnkùlé rí mi ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní "gbé e wá kí n wò ó". Mo gbé e lọ. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ awọ rẹ̀, wọ́n fa ọsán rẹ̀, wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n wá fi lu orúkọ mi. Mo dúró. Wọ́n tún lu nǹkan kan lé e, mo sì gbọ́ ohun tó ń sọ. Bàbá yìí ń bú mi! Wọ́n ń bú mi lójú àwọn èèyàn tó ń kọjá, ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Mo gba ìlù lọ́wọ́ wọn, mo bú wọn padà.

Kò tó wákàtí méjì. Bóyá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọwọ́ sì ń ro mí torí ó ti pẹ́. Iná wà lọ́jọ́ yẹn pàápàá.

---

Àyànwálé_Ọ̀yọ́ · Ọjọ́ Àìkú, 10:03 alẹ́

Kí ni bàbá fi bú yín? Ẹ má fi bò. Èmi gan-an fẹ́ kọ́ ọ.

---

Mọ́ńkí_Pósìtì · Ọjọ́ Àìkú, 10:10 alẹ́

Ẹ gbé gángan yẹn wá sí pápá wa ní Sátidé tí ẹ bá gba Òṣogbo kọjá. Kò sí aago. Alága ti rí wa, ó ní òun fẹ́ darapọ̀, a ní kó wá, àmọ́ kó má mú bírò dání.

---

Bàbá_Tọ́lá_Peckham · Ọjọ́ Àìkú, 10:37 alẹ́

Mo ti ya àtẹ ara fíríìjì kúrò. Tọ́lá béèrè pé ṣé mo ti gbówó tì ni. Kò tíì pe ìyá mi. Èmi ni mo pè wọ́n lónìí, mo ní kí wọ́n pàlọ́ fún èmi, mo sì fi fóònù sórí ohùn gbangba ní pálọ̀. Ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tó dé ibi orin, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í gbé.

Ó pariwo láti yàrá pé, "Dádì, kì í ṣe bẹ́ẹ̀!"